Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìfẹ́ Onígbàgbọ́ Ayé Àtijọ́ sí Etí Ẹni Tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

"Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí màmá mi bi mí nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń ka ìwé kan sí wọn létí. Ọkọ àti ìyàwó inú ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà ti fẹ́ ṣe àmín. Màmá ò ṣe àmín o. Ọmọ Oǹdó ni wọ́n, owó kòkó ni wọ́n fi rán wa lọ sílé ìwé, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ kan láyé yìí tí kò ní ẹni tó ni ín. Mo pa ìwé dé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wádìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ irú ìwé yìí kà.

Ẹ̀yin náà ti rí wọn rí. Obìnrin kan á wà níwájú ìwé, aṣọ rẹ̀ á máa gbálẹ̀, fìlà tó bo etí á wà lórí rẹ̀, á kẹ̀yìn sí wa, oko ọkà á sì lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Wọ́n lè kọ "Inspirational" sára èèpo rẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni, ayé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nínú Kristi ló sì gbé e dúró. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kà á ni pé ká ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ká máa ṣí ojú ewé wàràwàrà, ká lè mọ̀ bóyá ọkùnrin náà máa fẹ́ ẹ. Ó máa fẹ́ ẹ. Mo ti sọ fún yín báyìí, ẹ ò ní ìdí láti kánjú mọ́.

Bí mo ṣe ń kà á fún màmá mi lédè Yorùbá ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Ó wúlò fún ẹni tó ní ìyá, àǹtí tàbí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ó sì wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé náà fúnra yín, torí pé ẹni tó bá máa sọ ìtàn fún ẹlòmíì kò ní lè fojú fo nǹkan kan.

Rúùtù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, kí ẹ ka Ìwé Rúùtù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí mẹ́rin péré ni, gbogbo ẹsẹ rẹ̀ jẹ́ 85, ìdajì wákàtí ò ní pé lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń kọ ìwé ìfẹ́ onígbàgbọ́ ń tà fún wa pé níbẹ̀: ìyàn tó lé ẹbí kúrò nílùú, opó tó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, olóko kan tó lójú àánú, àti ìyá ọkọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọge.

Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí a mọ opó ṣíṣú. Nígbà tí mo ka orí kẹrin, níbi tí ìbátan tó sún mọ́ wọn jù ti bọ́ bàtà rẹ̀ fún Bóásì láti fi hàn pé òun yọwọ́, màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni yẹn mọ nǹkan tó ń ṣe. Ilẹ̀ ló fẹ́, kò fẹ́ ìyàwó." Mo padà lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Ní ẹsẹ kẹrin ó ní òun á ra ilẹ̀. Ní ẹsẹ kẹfà, nígbà tó gbọ́ pé Rúùtù wà lórí ilẹ̀ náà, ó ní òun ò lè ṣe é mọ́. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí Rúùtù tí mi ò rí ìyẹn!

Ẹ fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ìwé Hóséà lé e. Ìdí ni pé ìwé tó lókìkí jù nínú irú èyí, Redeeming Love tí Francine Rivers kọ, ìtàn Hóséà àti Gómérì ló gbé lọ sí California láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ wa wúrà, ní nǹkan bí ọdún 1850. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé wòlíì fi fàdákà 15 àti ọkà báálì ra ìyàwó ara rẹ̀ padà á máa bínú sí ọkùnrin inú ìwé náà pé ó ya dìndìnrìn.

Níbi tí ẹ ti máa rí ìwé, àti ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò

Èmi, ìwé àlòkù ni mo máa ń rà jù. Ní Àkúrẹ́, ẹ rìn lágbègbè Ọjà Ọba, ẹ máa bá àwọn tó ń pàtẹ ìwé tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì pàdé. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ tú u wò. Ẹni tó ń tà á kì í sábà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ìwé bá ṣe ki sí ló fi ń dá iye lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bóyá nọ́ńbà wà níbẹ̀. Àwọn ìwé yìí a máa jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Love Comes Softly tí Janette Oke kọ ní 1979, ìwé mẹ́jọ ló dà nígbẹ̀yìn. Mo ti ra ẹ̀kẹta nínú ọ̀wọ́ kan rí láìmọ̀, ojú ewé kejì ni mo ti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó fẹ́ ta. Kí ni mo tún fẹ́ padà lọ ka èkíní fún?

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún sí. Redeeming Love tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ti 1991, ó ní ti 1997. Ilé ìtẹ̀wé tí kì í ṣe ti onígbàgbọ́ ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1997 ni òǹkọ̀wé tún un ṣe fún àwọn tó ń ka ìwé ìgbàgbọ́. Ti 1997 ni kí ẹ wá. Síbẹ̀, kì í ṣe ìwé ọmọdé o. Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n tà fún iṣẹ́ aṣẹ́wó ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá kà á tán kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni jókòó tì í.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ wo ojú ewé ìgbẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù ìwé àtijọ́ a máa gbẹ, ewé á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mi rí nǹkan lórí èyí. Mo ka ìwé kan fún màmá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dé ìparí, mo bá a pé ewé méjì tó kẹ́yìn ò sí. Mo ní kí n má bà wọ́n nínú jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ara mi parí rẹ̀, mo gbé ìgbéyàwó kalẹ̀, mo gbé ìlù sí i. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ ti yí padà. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìwé kọ́."

Bí ẹ bá fẹ́ ti fóònù, ọ̀fẹ́ ni àwọn ìwé àtijọ́ gan-an lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ọdún ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ wọ́n ti kọjá. Ben-Hur ti Lew Wallace, ọdún 1880, wà níbẹ̀. Quo Vadis ti Henryk Sienkiewicz, ọmọ ilẹ̀ Poland, tó kọ́kọ́ jáde bí ìwé ní 1896, náà wà níbẹ̀: ọmọ ogun Róòmù kan tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọge onígbàgbọ́ láyé Nero ọba Róòmù, nígbà tí iná jó Róòmù ní ọdún 64. Fídíò kékeré kan á jẹ dátà ju ìwé náà lọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn le, ó sì gùn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

PDF ìwé tuntun tí wọ́n ń tì kiri lórí WhatsApp, olè ni. Ká kọ orúkọ Jésù sí iwájú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Ẹ ka orí kan sílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́

Ẹ má jókòó níwájú màmá yín kí ẹ wá máa wá ọ̀rọ̀. Ẹ ka orí kan lọ́sàn-án, kí ẹ mọ ibi tó ń lọ. Lálẹ́, ẹ ka ìpínrọ̀ kan lójú, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wá sọ ọ́. Ẹ má tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dójú tì mí. Ìwé ní ọkùnrin náà wọlé, ọkàn ọmọge náà wá fò sókè. Mo bá ní, "Bí ó ṣe rí i, àyà rẹ̀ já." Màmá mi dìde jókòó: "Kí ló mú wá? Ṣé ó mú ìbọn dání ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lédè wa, ẹni tí àyà rẹ̀ já ti rí ejò. Ohun tí mo ń wá ni pé ara rẹ̀ yá gágá, ojú wá ń tì í, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Nísinsìnyí, bí mo bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọkàn, mo máa ń dúró bi ara mi pé báwo ni ọmọbìnrin Oǹdó kan ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Orúkọ náà nílò ìtọ́jú. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, ẹni tó ń gbọ́ á sọnù sáàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí olùgbọ́ yín fún wọn lórúkọ ìnagijẹ. Bàbá Olóko, Ìyàwó Àjèjì, Aláròká (ìyẹn ìyàwó olùṣọ́ọ̀ṣì inú ìwé kan, ó sì tọ́ sí i). Ẹ kọ wọ́n sínú èèpo ìwé kí ẹ má bàa gbàgbé.

Àwọn nǹkan ìlò náà bẹ́ẹ̀. Pápá gbalasa ti Amẹ́ríkà, ọ̀dàn ni mo ń pè é, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sókè rí á mọ̀ ọ́n. Aṣọ ìbora tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán pọ̀, mo ní kí wọ́n wò ó bí ẹni tó kó gígé gbogbo aṣọ ẹbí tó ti wọ̀ láti ogún ọdún, tó rán an mọ́ra. Màmá ní ọgbọ́n gidi nìyẹn. Oníwàásù tó ń gun ẹṣin láti abúlé dé abúlé, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń dé, n ò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ rárá. Màmá fúnra wọn ló sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń retí olùṣọ́àgùntàn lóko nígbà èwe wọn, tí ìsìnkú àti ìkómọ á fi ṣù jọ dè é.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ni ìgbéyàwó láìsí ìfẹ́. Nínú Love Comes Softly, ọkọ obìnrin kan kú lójú ìrìn àjò. Ọjọ́ ìsìnkú náà ni ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wá bá a pé kó fẹ́ òun, nítorí òun ní ọmọ kékeré tí kò ní ìyá, bí kò bá sì fẹ́ dúró, òun á san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé nígbà tí òtútù bá lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí á ní irọ́ ni. Màmá mi ò ní irọ́ ni. Ìbéèrè wọn ni pé, "Ṣé ẹbí ọkọ ni ẹni yẹn?" Mo ní rárá. "A jẹ́ pé kò ṣú u lópó. Ó gbà á sílé ni." A lo bí ogún ìṣẹ́jú lórí ìyàtọ̀ méjèèjì, n ò sì ka nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè ni kí ẹ tẹ̀ lé lọ sínú ìtàn

Ẹ wá ìwé kan, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń lò, kí ẹ máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹni tó ń gbọ́ bá bi yín sínú rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Tèmi nìyí. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn, òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1862 ló fà á. Ẹni tó bá gba ilẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀, tó gbé ibẹ̀ tó sì dáko fún ọdún márùn-ún, ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Éékà 160 ni. Mo ṣírò rẹ̀ sí plọ́ọ̀tì fún wọn, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí à ń tà níbí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó plọ́ọ̀tì 970. Màmá pariwo. Èyí tó tún kàn ni ọmọ onílẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé pọ̀, ìjọba sì fi àdéhùn àti ìbọn lé wọn. Ní 1830 ni wọ́n ti ṣe òfin tí wọ́n fi ń kó àwọn tó wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi. Àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, tí wọ́n fipá kó ní 1838, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìfẹ́ wa yìí ò mẹ́nu bà á. Wọ́n á ní ilẹ̀ náà ṣófo, pé Ọlọ́run ló pèsè rẹ̀. Ẹ ka ìtàn ìfẹ́ náà lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ ohun tí ìwé ò sọ.

Ìbéèrè kejì tí màmá bi mí tilẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí kò bá sí igi lórí ọ̀dàn, kí ni wọ́n fi ń dáná, kí ni wọ́n fi ń kọ́lé? Mi ò ronú kàn án rí. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n àti ti màlúù tó ti gbẹ ni wọ́n ń ṣà dáná. Ilẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò koríko ni wọ́n ń gé bí búlọ́ọ̀kù fi mọ ilé, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ á máa kán sínú ọbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọge inú ìwé bá wọ aṣọ funfun jáde láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ sì máa fi ọdún inú ìwé wé ọdún tiwa, ó máa ń jẹ́ kí ó wọ ọkàn. Bí ìwé bá kọ 1880 sí orí rẹ̀, mo máa ń sọ fún màmá pé ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò tán pátápátá títí di 1893. Ní 1877 yẹn kan náà ni Charles Phillips ti ìjọ CMS dé sí Oǹdó. Odindi Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣagbátẹrù rẹ̀, 1884 ló pé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọge inú ìwé ń ṣí Bíbélì ńlá ti ìdílé wọn lẹ́bàá iná ní 1880, onígbàgbọ́ Oǹdó kan ò tíì lè gbé odindi Bíbélì Yorùbá dání.

Ẹsẹ Bíbélì inú wọn

Gbogbo ẹsẹ tí ìwé bá tọ́ka sí, ẹ ṣí i ní Yorùbá, kí ẹ sì ka èyí tó ṣáájú rẹ̀. Jeremáyà 29:11 ni wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tí Ọlọ́run ti ní òun mọ èrò tí òun ń rò sí wọn, èrò àlàáfíà. Ọmọge á kà á lórí kẹta, ọkọ á dé lórí karùn-ún. Mo ka ẹsẹ 10 mọ́ ọn, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé lẹ́yìn 70 ọdún ní Bábílónì ni òun máa wò wọ́n. Màmá ní, "Àádọ́rin ọdún? Ọmọge yẹn á ti di ìyá àgbà." Kò ba ẹsẹ náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé wọn ò kọ ọ́ nítorí ọkọ wíwá.

Ọkùnrin inú ìwé ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ má fi wọn àfẹ́sọ́nà yín. Ẹni tí wọ́n kọ lórí tábìlì kì í jẹ gbèsè, kì í hanrun, ìyá rẹ̀ sì ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tún wà tí n ò ní fi ṣe àwàdà: àwọn ìwé kan wà tí sùúrù àti àdúrà obìnrin ti ń yí ọkùnrin oníwà ipá padà lójú ewé díẹ̀. Bí ẹ bá ń kà á fún ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà láàárín yín tí wọ́n ń lù nílé. Ẹ sọ ọ́ jáde pé kó wá ibi ààbò ná, kó sọ fún ẹni tó lè dáàbò bò ó, àdúrà ò ní kọ̀ láti bá a débẹ̀.

Ní ti àwọn ìwé ìgbàgbọ́ tí kì í ṣe ìtàn, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbàdúrà tàbí bí a ṣe ń dárí jini, n ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ kà á lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ náà dán an wò, bí kò bá sí ohun tó ṣeé dán wò nínú orí kan, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé ń fi ojú ewé kún ojú ewé.

Àkókò, iná, àti yíyá ìwé fúnni

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni tiwa, bí ìṣẹ́jú 40. Bí kò bá sí iná, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba agbára oòrùn ti tó, kí ẹ gbé e sẹ́yìn èjìká ẹni tó ń kà, kó má tàn sójú ẹni tó ń gbọ́. Ẹ dúró kí oorun tó gbé wọn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa tún orí kan náà kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú la fi ń sàmì sí ibi tí a dé.

Bí ẹ bá yá ẹnì kan ní ìwé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé ìbéèrè yín, lójú rẹ̀. Àwọn arábìnrin nínú Olúwa kì í dá ìwé padà.

A ti ka mẹ́rin nínú mẹ́jọ ti Janette Oke báyìí, èmi àti màmá mi. Ẹ̀karùn-ún la ń wá. Bí ẹ bá ṣalábàápàdé rẹ̀ lórí àtẹ kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ bá mi rà á, n ó san owó yín. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bá mi wo ojú ewé ìgbẹ̀yìn.